Jàǹbá Ti Kọjá, Ẹ̀rù Ò Tíì Lọ: Kí Ni Àṣà Ń Ṣe Fún Ẹni Tí Ọkàn Rẹ̀ Gbọgbẹ́?

Bí nǹkan burúkú bá ṣẹlẹ̀ sí èèyàn ní Ìkòròdú níbí, kò ní pé ọ̀sẹ̀ kan tí yóò fi gbọ́ ìmọ̀ràn méjì tó ta ko ara wọn. Àwọn àgbà ilé á ní, "Má rò ó mọ́, ó ti kọjá. Ṣáà máa dúpẹ́ pé ẹ̀mí ẹ wà." Àwọn ọmọ tó ń gbọ́ rédíò, tó ń ka nǹkan lórí fóònù, á ní, "Ẹ sọ ọ́ jáde o, mọ́mì. Ẹ má dì í sínú." Ẹni tí oorun ti dá lójú ẹ̀ á wá wà láàárín méjì, kò ní mọ èyí tí yóò gbà.

Lọ́dún 2016 àti 2017, nígbà tí àwọn apànìyàn tí wọ́n ń pè ní Badoo ń wọlé onílé lóru, tí wọ́n ń fi òkúta fọ́ orí tọkọtaya àtọmọ lójú oorun, ìlú kò sùn. Àwọn kan ń lọ sùn sí ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí, àwọn mìíràn kó ẹrù kúrò ládùúgbò pátápátá. Ọlọ́pàá mú àwọn afurasí, ìròyìn gba ibòmíràn lọ. Síbẹ̀, títí di òní, àwọn ilé kan ṣì wà tí ẹnì kan ò ní sùn kó má kọ́kọ́ yẹ gbogbo wíńdò wò, kó dùbúlẹ̀ tán, kó tún dìde lọ yẹ̀ wọ́n wò. Bẹ́ẹ̀, inú ilé kan náà lè ní ẹlòmíràn tó ti padà sẹ́nu òwò rẹ̀ kí oṣù mẹ́ta tó pé, tó ń sùn, tó ń rẹ́rìn-ín. Àwọn aráàlú máa ń bi ara wọn pé: ṣé ẹni yìí le ju ẹnì kejì lọ ni? Àbí ẹnì kejì ò ní ìgbàgbọ́?

Mo rò pé ìbéèrè yẹn gan-an ló ṣì wá lọ́nà. Ohun tó dára ká béèrè ni pé: àwọn wo ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ náà, kí ni wọ́n sì ṣe? Ibẹ̀ ni àṣà ti ń wọ ọ̀rọ̀.

Kí là ń pè ní ọgbẹ́ ọkàn?

Ọgbẹ́ ọkàn ni ohun tó máa ń ṣẹ́kù sínú èèyàn lẹ́yìn tó bá ti fojú rinjú pẹ̀lú ikú, tàbí tí wọ́n ti pa ẹlòmíràn níṣojú ẹ̀, tàbí tí wọ́n ti fipá bá a lò. Ọ̀pọ̀ ẹni tí irú ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí ni ara rẹ̀ máa ń gbọ̀n lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Àyà á máa já, oúnjẹ ò ní wọlé, oorun ò ní wá. Ìyẹn ò tíì di àìsàn. Ara tó rí ewu ló ń ṣọ́ ara rẹ̀.

Ó máa ń di àìsàn nígbà tí ọ̀sẹ̀ bá ń gorí ọ̀sẹ̀ tí nǹkan mẹ́ta ò sì lọ. Ìṣẹ̀lẹ̀ yẹn á máa padà wá, lójú àlá tàbí lójú mọmọ, bíi pé ó tún ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́. Ẹni náà á máa sá fún gbogbo ohun tó lè rán an létí: ọ̀nà ibẹ̀, aṣọ tó wọ̀ lọ́jọ́ náà, àní orúkọ ẹni tí wọ́n jọ wà níbẹ̀. Ara rẹ̀ á sì wà lójúfò ṣáá. Bí ilẹ̀kùn bá dún gbàgà, á fò sókè. Lọ́dún 1980, lẹ́yìn ogun Vietnam, ni àwọn dókítà ọpọlọ ní Amẹ́ríkà kọ orúkọ àìsàn yìí sínú ìwé àìsàn wọn. PTSD ni wọ́n ń pè é ní kúkúrú.

Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ní nǹkan bí èèyàn 70 nínú 100 lágbàáyé ni yóò rí irú ìṣẹ̀lẹ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà ayé wọn, àmọ́ ìdá 5.6 péré nínú ọgọ́rùn-ún ló ń bọ́ sínú àìsàn yìí. Ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ wo ìyẹn. Ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tó fojú rí ohun tó burú jáì ló ń gbérí láìrí dókítà kankan. Ohun tó gbé wọn dìde wà nínú ilé wọn, ládùúgbò wọn, nínú ohun tí wọ́n gbà gbọ́.

Kí wá ni ìgbérí?

Ẹni tó gbérí lè má gbàgbé rárá. Ó lè máa sunkún bí ọjọ́ náà bá yí po lọ́dọọdún. Ohun tá à ń wò ni pé ó ń sùn, ó ń jẹun, ó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀, ó sì lè bá ọmọ rẹ̀ ṣeré láìjẹ́ pé ọkàn rẹ̀ wà níbòmíràn.

Ẹ wo ẹni tó kán lẹ́sẹ̀ tí wọ́n gbé lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń to eegun. Igi tí wọ́n fi di ẹsẹ̀ yẹn kọ́ ló ń so eegun pọ̀. Ara ló ń so ara rẹ̀. Iṣẹ́ igi ni pé kó mú eegun dúró síbi tó yẹ kó wà, títí ara yóò fi ṣe tirẹ̀ tán. Bí kò bá sí igi, eegun lè so ní wíwọ́. Bí wọ́n bá sì dì í le jù, ẹ̀jẹ̀ ò ní rí ọ̀nà kọjá, ẹsẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà. Iṣẹ́ tí àṣà ń ṣe fún ọkàn tó gbọgbẹ́ nìyẹn, ewu tó sì wà nínú rẹ̀ náà nìyẹn.

Kí ni àwọn èèyàn wa ń ṣe tó ń gbé èèyàn dìde?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ìkíni. "Ẹ kú ewu" là ń kí ìyá ọlọ́mọ tuntun, òun náà la sì ń kí ẹni tí mọ́tò rẹ̀ takìtì tó jáde láàyè. Ẹni tó bá gbọ́ ọ ti mọ̀ pé àwọn èèyàn gbà pé ewu ni òun là kọjá lóòótọ́, wọn ò sì ní kó wá ṣàlàyé kó tó di pé wọ́n bá a kẹ́dùn.

Mo ti jókòó nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ rí, ní Igbogbo, láàárọ̀ ọjọ́ tí àwọn adigunjalè lọ. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán tí wọ́n ti kó àga ṣọ́ọ̀ṣì wá sábẹ́ igi tó wà níwájú ilé. Ẹnì kan ti gbé báàgì omi pọ́ọ̀ kan kalẹ̀ láìsọ pé òun lòun rà á. Bí àwọn èèyàn ṣe ń wọlé ni wọ́n ń sọ ọ́: "Ẹ kú ewu, mà. Ẹ kú ewu o. Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká rírú ẹ̀ mọ́." Wọ́n á jókòó. Kò sẹ́ni tó bi ìyàwó ilé pé báwo ló ṣe jẹ́. Ìyá àgbà kan láti ilé kejì ti wọlé lọ bá a ní yàrá, ó ti gbé omi gbígbóná sílé ìwẹ̀ fún un, ó wá ń bẹ̀ ẹ́ kó mu ẹ̀kọ: "Bá mi mu díẹ̀. Nítorí tèmi." Obìnrin mìíràn ti kó àwọn ọmọ ilé náà mọ́ tirẹ̀, ó kó wọn lọ sílé ìwé. Ọ̀sán ti pọ́n kí obìnrin náà fúnra rẹ̀ tó la ẹnu. Ó sọ gbólóhùn kan, ó dákẹ́. Ó tún sọ òmíràn. Ìyá àgbà ń dá a lóhùn pé "Hẹn. Ó mà ṣe o," kò já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀, kò sì ní kó yára. Nígbà tílẹ̀ ṣú, ìyá náà ò lọ sílé. Ó tẹ́ ẹní sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Lọ́dún 2011, WHO àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ gbé ìwé atọ́nà kan jáde fún àwọn tó bá kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ ẹni tí jàǹbá ṣẹlẹ̀ sí. Ohun tí wọ́n ní kí wọ́n ṣe ni pé kí wọ́n wo ohun tó nílò, kí wọ́n fetí sílẹ̀ láìfipá mú un sọ̀rọ̀, kí wọ́n fún un lóúnjẹ àti omi, kí wọ́n fi ọkàn rẹ̀ balẹ̀, kí wọ́n sì so ó pọ̀ mọ́ àwọn èèyàn rẹ̀. Ìyá àgbà yẹn ò ka ìwé náà. Ọ̀dọ̀ ìyá tirẹ̀ ló ti kọ́ ọ.

Àṣà tún ń fún ìbànújẹ́ ní ọjọ́ tirẹ̀. Bí àgbàlagbà bá kú, àwọn Mùsùlùmí ń ṣe fìdáù ọjọ́ kẹjọ, wọ́n ń ṣe ogójì. Àwọn onígbàgbọ́ ń ṣe àìsùn, wọ́n sì ń ṣe ìdúpẹ́ lọ́jọ́ Àìkú. Àwọn kan máa ń ráhùn pé ìnáwó lásán ni, mo sì gbà pé ìnáwó náà ti pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni pé wọ́n fún opó ní ọjọ́ tó mọ̀ pé àwọn èèyàn yóò tún wá. Ẹni tí kò bá mọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni ṣì máa padà kan ilẹ̀kùn òun, ìdáwà rẹ̀ máa ń le ju ìbànújẹ́ rẹ̀ lọ.

Ìtumọ̀ tí èèyàn fún ìṣẹ̀lẹ̀ náà tún wà níbẹ̀. "Orí ló yọ mí," "Ọlọ́run ló kó mi yọ." Ẹni tó jáde láàyè nínú ọkọ̀ ojú omi tó dojú dé, tó ṣe sàráà, tàbí tó jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì, ti to ìtàn rẹ̀ báyìí, ó ní ìbẹ̀rẹ̀, ó sì ní òpin. Òpin yẹn ló ṣe pàtàkì jù. Ìṣòro ọgbẹ́ ọkàn ni pé inú ara kò gbà pé ó ti parí. Níwájú ìjọ, nígbà tí gbogbo ilé bá dáhùn pẹ̀lú orin, èèyàn á gbọ́ ọ láti ẹnu igba èèyàn pé ó ti parí. Síbẹ̀, mo bẹ àwọn wòlíì àti olùṣọ́ àgùntàn: ẹ má ti ẹnikẹ́ni síwájú nídìí ẹ̀rí. Ẹni tí kò tíì ṣe tán, tí wọ́n fún ní ẹ̀rọ gbohùngbohùn, máa ń padà sílé pẹ̀lú ẹ̀rù tó pọ̀ ju èyí tó gbé wá lọ.

Ìkẹyìn tí mo fẹ́ mẹ́nu kàn ni iṣẹ́ àjọṣe. Nígbà Badoo, àwọn ẹgbẹ́ onílé àti ọ̀dọ́ àdúgbò dáná sójú títì, wọ́n ń ṣọ́ òru. Ohun tí ẹ̀rù ń gbà lọ́wọ́ èèyàn ni ìgbàgbọ́ pé ọwọ́ òun ṣì lè ṣe nǹkan. Ọkùnrin tó dúró nídìí iná pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ń gba ìgbàgbọ́ yẹn padà. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ náà ni ó ti bàjẹ́. Ní oṣù keje 2017, àwọn èèyàn mú àwọn aláìṣẹ̀ kan lóru ní Odogunyan, wọ́n ní Badoo ni wọ́n, wọ́n sì pa wọ́n. Ẹ̀rù tí ìlú pa pọ̀ gbé lè wo ìlú sàn, ó sì lè sọ ìlú di apànìyàn. Àwọn tó wà níbẹ̀ lóru yẹn, tí wọ́n mọ̀ lónìí pé aláìṣẹ̀ ni wọ́n pa, àwọn náà ní ọgbẹ́ ọkàn tí kò sẹ́ni tó ń kí wọn kú ewu rẹ̀.

Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni níbòmíràn?

Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n oníkálukú pẹ̀lú tirẹ̀.

Ẹ má lọ jìnnà, ẹ wo Ẹ̀pẹ́. Ní oṣù Kejìlá 1851, àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn ńlá wó Èkó, Ọba Kosọ́kọ́ sì kó àwọn èèyàn rẹ̀ sá gba orí ọ̀sà lọ sí Ẹ̀pẹ́. Àwọn tó sá lọ nígbà yẹn, ogun lé wọn kúrò nílé baba wọn. Àwọn ọmọ wọn, tí à ń pè ní Èkó Ẹ̀pẹ́, ṣì ń ṣe ọdún Káyókáyó lọ́dọọdún lẹ́yìn Iléyá, wọ́n ń jẹ, wọ́n ń jó, wọ́n ń wọ aṣọ ẹbí, ní ìrántí ọjọ́ tí wọ́n gúnlẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n dé Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n yàn láti máa rántí, wọn ò yan ọjọ́ tí Èkó jóná. Lójú tèmi, ọgbọ́n ńlá ni.

Ní Sierra Leone, lẹ́yìn ogun tó parí lọ́dún 2002, àwọn ọmọdé tí wọ́n fipá mú ṣe sójà padà sílé. Theresa Betancourt, onímọ̀ ìlera ọpọlọ ọmọdé láti Amẹ́ríkà, ń tọ ipa irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ láti ọdún náà. Ohun tó rí ni pé bí ìdílé àti àdúgbò ṣe gbà wọ́n ní ipa ńlá lórí bí ara ọkàn wọn ṣe yá. Ọmọ tí wọ́n ń pè ní apànìyàn lójú ọ̀nà, nǹkan le fún un. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ dì mọ́ra, tí àwọn aládùúgbò kí káàbọ̀, ń gbérí. Láwọn abúlé kan, wọ́n wẹ àwọn ọmọ náà, wọ́n sì ṣe ètùtù fún wọn kí wọ́n tó wọlé, kí gbogbo èèyàn lè mọ̀ pé ohun tí wọ́n ṣe lójú ogun ti kúrò lára wọn.

Lẹ́yìn tí omi òkun ya wọ Sri Lanka ní December 26, 2004, tó pa èèyàn tó lé ní 30,000, ọ̀pọ̀ olùgbani-nímọ̀ràn wọ bàálù láti òkèèrè wá síbẹ̀, wọ́n ń wá àwọn àmì tí wọ́n kọ́ nínú ìwé. Gaithri Fernando, ọmọ ilẹ̀ náà tó jẹ́ onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, ṣàlàyé pé ohun tó ń dun àwọn èèyàn rẹ̀ jù ni ipò wọn láàárín ẹbí àti aládùúgbò tó dàrú. Ẹni tí wọ́n kó sí àgọ́ kan tí kò mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀, tí wọ́n wá ń bi pé "Báwo ni inú rẹ ṣe rí?", ibi tí bàtà ti ń ta á lẹ́sẹ̀ kọ́ ni wọ́n ń fọwọ́ kàn.

Mo fẹ́ràn ti Zimbabwe jù. Láti ọdún 2006 ni dókítà ọpọlọ kan tó ń jẹ́ Dixon Chibanda ti kọ́ àwọn ìyá àgbà ní Harare láti jókòó lórí bẹ́ǹṣì níta ilé ìwòsàn, kí wọ́n máa gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn tó ní ohun tí wọ́n ń pè ní kufungisisa lédè Shona, ìyẹn ìrònú àrojù. Nígbà tí wọ́n dán an wò pẹ̀lú èèyàn tó lé ní 500, tí wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2016, ara àwọn tó bá ìyá àgbà sọ̀rọ̀ yá ju ti àwọn tó gba ìtọ́jú àtẹ̀yìnwá lọ. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn àti àníyàn ni wọ́n wò, kì í ṣe PTSD gan-an. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ rẹ̀ kan ọ̀rọ̀ wa: wọ́n kọ́ ìyá àgbà ní ohun tí kò mọ̀, wọn ò sì gba ohun tó mọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Níbo ni àṣà wa ti ń di ọkàn tó gbọgbẹ́ le jù?

Ibi tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni ọmọdé tó kú. Fún àgbàlagbà, a ní ọjọ́ kẹjọ, a ní ogójì. Fún ọmọ, òfò ni. A kì í jẹ́ kí òbí mọ ojú oórì ọmọ, a máa ń sin ín kíákíá, a sì máa ń sọ fún ìyá pé kó má sunkún mọ́ kí Ọlọ́run lè fi òmíràn rọ́pò. Mo mọ̀ pé àánú ló bí i. Àmọ́ ìyá yẹn kò ní ọjọ́ kankan tí àwọn èèyàn máa padà wá.

Ọmọ tó sọnù tún wà níbẹ̀. Àwọn baba wa ní ọmọ kú sàn ju ọmọ nù lọ, wọ́n sì mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Àwọn tí omi ọ̀sà gbé lọ tí a ò rí òkú wọn, àwọn tí ajínigbé kó, ìdílé wọn wà láàárín, wọn ò lè ṣọ̀fọ̀, wọn ò sì lè yọ̀. Ní May 25, 2017, wọ́n jí ọmọ ilé ìwé mẹ́fà gbé ní Model College ní Igbonla, lẹ́bàá Ẹ̀pẹ́. Ó lé ní oṣù méjì kí wọ́n tó dá wọn sílẹ̀ lóṣù keje. Nígbà tí wọ́n dé, mo gbọ́ tí ọ̀pọ̀ ń sọ pé "Wọ́n kúkú ti dé, kí ló tún kù?" Ara dé lọ́jọ́ kan. Ọkàn lè pẹ́ lójú ọ̀nà.

A máa ń sọ fún ọkùnrin pé akọ kì í sunkún. Ọkùnrin tí kò lè sunkún máa ń wá ibòmíràn gbé e gbà: ìgò ọtí, igbó, ìyàwó tó ń nà. A ò sì ní pè é ní ọgbẹ́ ọkàn. A máa ní ó ti yí ìwà padà.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti obìnrin tí wọ́n fipá bá lò. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tó máa ń gbọ́ ni "Kí ló gbé ọ débẹ̀?" Wọ́n á ní kó pa á mọ́ra nítorí orúkọ ìdílé, nítorí kó lè rí ọkọ fẹ́. Gbogbo ohun rere tí mo kọ sókè yìí, àga lábẹ́ igi, ẹ̀kọ, ìyá àgbà lórí ẹní, kò sí ọ̀kan tó máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, torí pé a ní kí ẹnikẹ́ni má gbọ́. Kò sí "ẹ kú ewu" fún ewu tí wọ́n ní kó fi pamọ́. Nípa èyí, mi ò ní bo àṣà láṣìírí: ìwà ìkà ni.

"Ayé ló ṣe é" náà máa ń fa ìṣòro. Ẹni tó gbà pé ọ̀tá ló wà nídìí ọ̀rọ̀ òun á máa fura sí ìyálé, á fura sí aládùúgbò, títí kò fi ní sẹ́ni tó máa jẹ oúnjẹ rẹ̀ mọ́. Àwọn gan-an tó yẹ kí wọ́n mú un dúró ló ti lé jìnnà.

Ètùtù náà kì í ràn gbogbo èèyàn lọ́wọ́ bákan náà. Lọ́dún 2017, àwọn aṣáájú ìlú ṣe ètùtù láti lé Badoo kúrò ní Ìkòròdú, àwọn aráàlú sì gbélé. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin sọ pé ọkàn àwọn balẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, mo sì gbà wọ́n gbọ́. Obìnrin tó jẹ́ pé inú ilé ni ẹ̀rù ti bá a, tí wọ́n wá ní kó ti ilẹ̀kùn mọ́rí kó má jáde, kò dájú pé ìbàlẹ̀ ọkàn kan náà ló rí gbà.

Ìkòròdú sì ti yàtọ̀. Ìlú ti fẹ̀ dé ibi tí a ò mọ ara wa mọ́. Ayálégbé tó kó dé lóṣù tó kọjá láti Bẹ́núè tàbí Àkúrẹ́, tó ń jáde láago márùn-ún ìdájí, tó ń wọlé láago mẹ́wàá alẹ́ nítorí gósìlóò, ta ló máa kí i kú ewu? Àṣà wà nílẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ẹsẹ̀ èèyàn ló fi ń rìn. Àwọn tó ń darí ẹgbẹ́ onílé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sínú ohun tí ẹ ń jíròrò yàtọ̀ sí owó iná àti owó ọdẹ.

Ṣé ká sọ ọ́ jáde ni, àbí ká gbàgbé ẹ̀?

Àwọn méjèèjì ní òtítọ́ díẹ̀ lọ́wọ́. Nígbà kan, wọ́n máa ń kó àwọn tí jàǹbá ṣẹlẹ̀ sí jọ láàárín ọjọ́ díẹ̀, wọ́n á ní kí oníkálukú ro gbogbo ohun tó rí lẹ́sẹẹsẹ. Ìwádìí fi hàn pé kò dènà àìsàn náà, ó sì lè pa àwọn kan lára. WHO ò fọwọ́ sí i. Nítorí náà, àgbà tó ń sọ pé "Ẹ fi í sílẹ̀, ẹ má bi í" kò jẹ̀bi.

Ṣùgbọ́n àgbà kan náà máa ń jẹ̀bi nígbà tí ẹni náà fúnra rẹ̀ bá fẹ́ sọ̀rọ̀, tí òun àgbà wá ní "Ó tó, má sọ ọ́ mọ́." Ẹni tó ṣọ̀fọ̀ ló ní ọ̀rọ̀ rẹ̀, òun ló máa mọ ìgbà tó fẹ́ sọ ọ́, iye tó fẹ́ sọ, àti ẹni tó fẹ́ sọ ọ́ fún. Ẹni tó bá fẹ́ fi ọwọ́ ṣiṣẹ́ dípò kó sọ̀rọ̀, kí wọ́n jẹ́ kó lọ ta ẹja rẹ̀. Ẹni tó bá sọ ìtàn kan náà lójoojúmọ́, kí wọ́n tún gbọ́ ọ. Ohun tó ń pa èèyàn lára ni pé kí wọ́n fipá mú un, ìbáà jẹ́ láti sọ̀rọ̀ tàbí láti dákẹ́.

Ìgbà wo ló yẹ ká lọ sílé ìwòsàn?

Bí oṣù kan bá kọjá tí oorun ò wá, tí àlá burúkú ò dáwọ́ dúró, tí ẹni náà ò lè ṣiṣẹ́, tó ń mu ọtí kó lè sùn, tàbí tó ń sọ pé ikú sàn ju báyìí lọ, ẹ má dúró mọ́. Ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ikú, ẹ má tiẹ̀ dúró di ọ̀la. Ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀.

Mo mọ ohun tó ń dá wa dúró. Wọ́n á ní "Yaba Left," wọ́n á ní orí rẹ̀ ti dà rú. Ọgbẹ́ ọkàn yàtọ̀ sí wèrè. Òfin orílẹ̀-èdè wa pàápàá ti yí padà: oṣù kìíní 2023 ni wọ́n fọwọ́ sí òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ, tó rọ́pò òfin àtijọ́ tó ṣì ń pe àwọn aláìsàn ní wèrè. Ìtọ́jú tó ń ṣiṣẹ́ wà. Èyí tó ń ṣe dáadáa jù ni ìjókòó lẹ́sẹẹsẹ pẹ̀lú ẹni tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀, tí yóò ran èèyàn lọ́wọ́ láti padà wo ìṣẹ̀lẹ̀ náà díẹ̀díẹ̀ títí kò fi ní lágbára lórí rẹ̀ mọ́. Àwọn kan máa ń nílò oògùn pẹ̀lú.

Ẹni tó bá rò pé ilé ìwòsàn túmọ̀ sí kéèyàn kọ ẹbí àti àdúrà sílẹ̀, ẹ sọ fún un nípa Aro ní Abẹ́òkúta. Lọ́dún 1954, Dókítà Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ ètò kan níbẹ̀: àwọn aláìsàn ń gbé ní abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, ẹbí wọn kan ń bá wọn gbé, wọ́n ń gba ìtọ́jú dókítà lójú ọ̀sán, ó sì bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ṣiṣẹ́. Ó di ìgbákejì olùdarí àgbà WHO lẹ́yìn náà. Nítorí náà, ẹ máa gbàdúrà yín lọ. Ẹ mú ẹbí dání lọ bá dókítà.

Láti Ìkòròdú, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ ní ilé ìwòsàn alábọ́dé tó sún mọ́ yín tàbí ní jẹ́nẹ́rà, kí wọ́n kọ̀wé gbé yín lọ sí ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ ní Yábà. Ohun kan ló wà tí ẹ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwa Yorùbá kì í sọ pé ọkàn wa gbọgbẹ́. A máa ń sọ pé orí wa gbóná, pé nǹkan ń rìn wá lórí, pé àyà ń já wa, pé ara ò yá. Àwọn dókítà ní Nàìjíríà ti kọ ọ́ sílẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ pé báyìí ni àwọn aláìsàn wa ṣe ń ròyìn ìdààmú ọkàn, síbẹ̀ dókítà tí èrò pọ̀ níwájú rẹ̀ lè gbọ́ ọ kó sì kọ oògùn ibà. Bí ẹ bá ti sọ ibi tó ń dùn yín tán, ẹ fi gbólóhùn yìí kún un kí ó tó gbé bírò: "Dókítà, láti ọjọ́ tí wọ́n ti wọlé wa lóru ló ti bẹ̀rẹ̀."